Igbó Kejì Ní Onílé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìjà Ààlà Àwọn Ìnàkí

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọdẹ àti àwọn òṣìṣẹ́ igbó sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, ni mo kọ síbí. Mo yọ ibi tí mo ti ń fi àwòrán hàn kúrò, mo sì fi ìdáhùn mi sí ìbéèrè mẹ́ta kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ jẹ́ ìpè wa, a dúpẹ́ o. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìrìn inú igbó, ẹ ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń la gẹdú, tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wà nípò àṣẹ pàápàá. Wọ́n á ní bí a bá gé igbó ibí yìí, ṣebí ẹranko lẹ́sẹ̀, yóò kọjá sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ẹtu lè ṣe bẹ́ẹ̀ dé ààyè kan. Ẹyẹ lè ṣe é. Ní ti ìnàkí, ẹranko tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, ibòmíràn yẹn ní onílé. Onílé náà kì í gba àlejò, bó bá sì ká àlejò náà mọ́ òun nìkan, pípa ni yóò pa á. Bí a ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ohun tó yẹ kí ó yí padà nínú bí a ṣe ń gé igbó, ni mo wá sọ.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Igbó ìjọba Omo, ní apá Ìjẹ̀bú níhìn-ín, ju 130,000 hẹ́kítà lọ lórí ìwé. Mo ní lórí ìwé, torí ẹni tó bá ti dé J4, ìletò inú igbó náà, rí mọ̀ pé igi Gmelina tí ìjọba gbìn àti oko kòkó ti jẹ apá ńlá nínú rẹ̀. Nínú èyí tó ṣẹ́kù ni erin ṣì wà, níbẹ̀ náà ni ìnàkí díẹ̀ fara pamọ́ sí. Díẹ̀ wà ní igbó Ìdànrè, díẹ̀ wà ní igbó Ìsẹ̀ ní Èkìtì. Oríṣi ìnàkí mẹ́rin ló wà ní Áfíríkà. Èyí tó jẹ́ ti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló kéré jù níye. Bí a bá ka gbogbo wọn pọ̀, wọn kò pé 10,000.

Kí a tó dórí ìjà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé. Agbo ìnàkí kan lè jẹ́ 20, ó lè jẹ́ 50, ó sì lè kọjá 100, ṣùgbọ́n ẹ ò ní í bá gbogbo wọn lójú kan. Èso tí wọ́n ń jẹ kì í pọ̀ níbì kan: igi ọ̀pọ̀tọ́ kan níhìn-ín, igi àgbálùmọ̀ igbó kan lọ́hùn-ún. Nítorí náà wọ́n máa ń túká láàárọ̀, méjì lọ síbí, márùn-ún lọ sọ́hùn-ún, ẹlòmíràn á dá jẹ tirẹ̀, wọ́n á tún pàdé nígbà tó bá yá. Akọ kì í kúrò nínú agbo tí wọ́n bí i sí títí tó fi máa kú. Abo ló máa ń ṣí lọ bó bá ti bàlágà, tí á lọ bímọ sí agbo mìíràn. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn: akọ wọn jẹ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì máa ń túká. Orí ìyẹn ni gbogbo ìjà wọn dúró lé.

Jane Goodall, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tó lọ wo ìṣe ìnàkí, dé Gombe, létí adágún Tanganyika ní orílẹ̀-èdè Tanzania, ní oṣù keje ọdún 1960. Fún bí ọdún mẹ́wàá, ohun tí ayé ń gbọ́ láti ibẹ̀ ni ti ẹranko tó ń ki koríko bọ ihò láti fi yọ ikán jẹ, tó ń gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni agbo tó ń wò pín sí méjì. Wọ́n pe àwọn tó dúró sí àríwá ní Kasakela, wọ́n pe àwọn tó bọ́ sí gúúsù ní Kahama. Akọ àgbà mẹ́fà àti ọ̀dọ́ kan ló wà ní Kahama. Ará kan náà ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti jọ jẹun lórí igi kan, wọ́n ti ṣa kòkòrò lára ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọjọ́ keje oṣù kìíní ọdún 1974, Godi, ọ̀kan nínú àwọn akọ Kahama, ń dá jẹun lórí igi. Ikọ̀ Kasakela yọ sí i láìpariwo, akọ àgbà mẹ́fà wà nínú wọn. Godi bẹ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n lé e bá. Humphrey, ọ̀kan nínú ikọ̀ náà, gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ó fà á ṣubú, ó jókòó lé e lórí, àwọn yòókù wá ń lù ú, wọ́n ń gé e jẹ. Ó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tún gbé òkúta ńlá, ó sọ ọ́ sí i. Hilali Matama, ọmọ Tanzania tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní Gombe, ló fojú ara rẹ̀ rí i. Godi rọra dìde, ó wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Kò sẹ́ni tó tún rí i mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá wọn lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pa akọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dé. Wọ́n pa Goliath, tó ti darúgbó débi pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wọ́n pa Charlie àti Sniff, ọ̀dọ́ inú wọn. Wọn kò dá Madam Bee sí, abo tí apá rẹ̀ kan ti rọ nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọdún 1977 fi máa parí, kò sí akọ Kahama kan láyé mọ́.

Àwọn onímọ̀ kan kò gbà pé bí ìnàkí ṣe rí nìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi. Goodall ti máa ń fún àwọn ẹranko náà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè súnmọ́ ọn, wọ́n wá ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ yẹn ló sọ wọ́n di oníjà. Àtakò tó mọ́gbọ́n dání ni, èmi náà sì gbà á gbọ́ nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, torí gbogbo wa ló wù kí ẹ̀bi jẹ́ ti ènìyàn. Ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ náà tó rí ojútùú gidi. Michael Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún jọ láti ọ̀dọ̀ agbo ìnàkí 18, káàkiri Áfíríkà. Ìpa 152 ni wọ́n kà: wọ́n fojú rí 58, àmì tó dájú wà fún 41, ìfura ni 53 tó kù. Ìdá 92 nínú 100 àwọn tó ń kọlu ẹlòmíràn jẹ́ akọ. Ìdá 73 nínú 100 àwọn tó kú jẹ́ akọ. Ìdá 66 nínú 100 ìpa náà jẹ́ ti agbo sí agbo. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tí ènìyàn ti ń dí wọn lọ́wọ́ ni ìpa ti pọ̀ jù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí akọ pọ̀ sí, tí ìnàkí sì fún pọ̀ sí, ni ó ti pọ̀. Ngogo ní Uganda, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fún wọn lọ́gẹ̀dẹ̀ rí, wà lára àwọn tó le jù.

Nínú gbogbo iye yẹn, ọ̀kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbé délé. Nígbà tí agbo kan bá pa ará agbo kejì, àwọn tó kọlu sí àwọn tí wọ́n kọlu sábà máa ń jẹ́ mẹ́jọ sí ọ̀kan. Mẹ́jọ sí ọ̀kan! Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà, wọn kì í fi ìka kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ẹni tó bá ń rò pé orí kíkan ló ń gbé wọn jà, kí ó tún èrò rẹ̀ pa. Orí kíkan kì í dúró ka iye. Àwọn yìí ń ka iye, wọ́n ń wo ewu, wọ́n sì ń pa nígbà tí pípa náà kò ní í ná wọn ní nǹkan kan.

Wọ́n ti dán ìyẹn wò lọ́nà tó mọ́gbọ́n dání. Ní Kanyawara, nínú igbó Kibale ní Uganda, Wilson, Marc Hauser àti Richard Wrangham fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pamọ́ sínú igbó, wọ́n wá gbé igbe akọ àjèjì kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀. Bí akọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà pọ̀ níbi tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n á figbe ta, gbogbo wọn á dìde lọ síbi tí ohùn náà ti wá. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, wọ́n á pa ẹnu mọ́. Lílọ kì í sábà wáyé. Ohùn kan náà ni, àjèjì kan náà ni. Iye ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ ni mo fẹ́ bá sọ èyí tó kàn, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ààlà. Àwọn akọ á kó jọ, nígbà mìíràn abo kan tàbí méjì á bá wọn lọ. Wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń súnmọ́ ẹnu ààlà, kò ní sí igbe mọ́, kò ní sí eré, wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun. Wọ́n á dúró, wọ́n á dẹtí. Wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á tún dúró. Wọ́n á fi imú fínfín ilẹ̀ àti ewé tí àjèjì fọwọ́ kàn. Wọ́n á yẹ ìgbẹ́ wò, wọ́n á gbé èso tí wọ́n jẹ kù sókè, wọ́n á wo ìtẹ́ tí àwọn aládùúgbò sùn lé lórí igi. Bí ẹ̀ka bá dá lójijì, àyà wọn á já, wọ́n á fọwọ́ kan ara wọn, wọ́n á gbá ara wọn mú, irun ara wọn á dìde. Ẹ̀rù ń bà wọ́n! Mo fẹ́ kí ẹ rí i bẹ́ẹ̀, torí ìwé ìròyìn kì í kọ ọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ igbe ọ̀pọ̀ àjèjì pọ̀ níwájú, wọ́n á yí padà, wọ́n á máa sáré lọ sílé. Bí wọ́n bá pàdé ẹnìkan ṣoṣo, ìtàn Godi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá sì padà wọ ilẹ̀ tiwọn, wọ́n á bú sígbe, wọ́n á máa lu gbòǹgbò igi bí ìlù, bí ẹni tó ti di ìdákẹ́ mọ́ra fún wákàtí púpọ̀.

Ní igbó Taï, ní Côte d'Ivoire, níbi tí Christophe Boesch ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1979, wọ́n tẹ̀lé agbo méjì tó múlé gbe ara wọn fún ọdún mẹ́ta. Sylvain Lemoine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Bí ìnàkí ṣe ń lo orí òkè ni wọ́n ń wò. Bí ìnàkí bá ń lọ sí ẹnu ààlà, ó ṣeé ṣe kí ó gun òkè ní ìlọ́po méjì ju ìgbà tó bá ń lọ sí àárín ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dé orí rẹ̀, wọn kì í sábà jẹun, torí jíjẹun ń pariwo. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa gbọ́. Igbó náà ṣú débi pé ojú kò lè rí ọ̀nà jíjìn, etí ni wọ́n ń lò. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ń wọ ilẹ̀ aládùúgbò dá lórí bí àwọn yẹn ṣe jìnnà tó: bí ó bá jẹ́ ìdajì kìlómítà, ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà 40 nínú 100, bí ó bá jẹ́ kìlómítà mẹ́ta, nígbà 60. Abẹ́òkúta ni a wà, mi ò ní láti ṣàlàyé ohun tí òkè wúlò fún lásìkò ogun. Àwọn baba wa tí Ṣódẹkẹ́ kó dé abẹ́ Olúmọ ní 1830 mọ̀ pé ẹni tó bá wà lórí àpáta ń mọ̀ nípa ọ̀tá kí ọ̀tá tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn yà mí lẹ́nu ni pé ẹranko náà mọ̀ ọ́n.

Ní Taï yẹn kan náà, wọ́n ti fi ìtọ̀ wọn wo ohun tó ń lọ nínú ara wọn. Oxytocin, èròjà inú ara tó so ìyá mọ́ ọmọ, máa ń pọ̀ sí i nínú ìtọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ kojú àwọn aládùúgbò, àti nígbà tí wọ́n bá ń kojú wọn. Èròjà kan náà tó ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ará ilé ni wọ́n ń gbé dé ẹnu ààlà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo àlàyé tí mo ti kà nípa ìbínú lọ.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Láti ọdún 1995 ni John Mitani àti David Watts ti ń wo agbo Ngogo, agbo ńlá tó ti kọjá 150 nígbà kan. Láàárín 1999 sí 2008, wọ́n fojú rí ìkọlù 18 tí àwọn Ngogo fi pa ìnàkí agbo mìíràn, wọ́n sì rí àmì mẹ́ta mìíràn. Mẹ́tàlá nínú àwọn tó kú wá láti agbo kan ṣoṣo, ní apá ìlà-oòrùn àríwá. Ní ọdún 2009, àwọn Ngogo kó wọ ilẹ̀ náà tọmọ-tìyá, wọ́n ń jẹ èso ibẹ̀, wọ́n ń pariwo níbẹ̀ bí onílẹ̀. Ilẹ̀ wọn fẹ̀ sí i ní ìdá 22 nínú 100.

Ìyókù ìtàn náà kò dé títí di 2025. Brian Wood àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ka ìbí. Ní ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n gba ilẹ̀ náà, ọmọ 15 ni àwọn abo Ngogo bí. Ní ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé e, wọ́n bí 37. Ṣáájú, ìdá 41 nínú 100 ọmọ ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdá 8 péré. Ilẹ̀ di èso, èso di wàrà, wàrà di ọmọ. Èyí ni ìdí tí ìwà náà fi wà, tí kò sì parẹ́. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ràn ẹranko nínú, ṣùgbọ́n a kì í bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ nítorí pé kò rẹwà.

Àdánù tún wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní Taï, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń ti agbo mọ́lẹ̀, àwọn abo agbo bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa ní ti ọmọ bíbí. Ní Gombe, àwọn Kasakela kò jẹ ilẹ̀ Kahama pẹ́. Àwọn Kahama ló ti wà láàárín wọn àti agbo Kalande tó wà ní gúúsù pátápátá. Bí wọ́n ṣe pa wọ́n tán, àwọn Kalande bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn Kasakela padà sí àríwá. Ní Ngogo, agbo ńlá tó ṣẹ́gun náà pín sí méjì kí ọdún 2018 tó kọjá, àwọn tó ti jọ ń ṣọ́ ààlà sì ń pa ara wọn. Ó sì ti kọjá ìnàkí sí ìnàkí. Ní Loango, ní Gabon, ìnàkí kọlu gọ̀rílà lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 2019. Ìgbà àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú 52, ìgbà kejì gba 79, wọ́n sì pa ọmọ gọ̀rílà kan nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹnìkan á béèrè bonobo. Ìbátan ìnàkí ni bonobo, ó ń gbé gúúsù odò Congo nìkan. Nínú agbo mẹ́rin tí Wilson kà mọ́ àwọn ìnàkí yẹn, ìfura ìpa kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Ní Kokolopori, agbo méjì lè pàdé, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ sùn sítòsí ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ wọ́n di áńgẹ́lì ṣá: ìwádìí 2024 fi hàn pé akọ bonobo ń bá akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lemọ́lemọ́ ju ti ìnàkí Gombe lọ. Wọn kì í sábà pa ara wọn ni.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ gẹdú wàyí. Lee White àti Caroline Tutin ṣiṣẹ́ ní Lopé, ní Gabon, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gé igi níbẹ̀. Wọ́n rí i pé ìnàkí dín kù gidigidi níbi tí ẹ̀rọ ti kọjá, gọ̀rílà kò sì dín kù tó bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n gé kò pọ̀ tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé ariwo ẹ̀rọ ló ń lé agbo kan wọ ilẹ̀ agbo kejì, tí ìjà àjàkú sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Gọ̀rílà tí kì í ṣọ́ ààlà bíi tiwọn kàn kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ẹ̀rọ náà kò pa ìnàkí kan, ọdẹ kankan kò yìnbọn, síbẹ̀ wọ́n ti kú.

Bí mo bá wà nípò àwọn tó ń pín igbó fún agégẹdú ní ìpínlẹ̀ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí màá béèrè ni ibi tí agbo kọ̀ọ̀kan ń sùn àti ibi tí ààlà rẹ̀ wà. Iṣẹ́ ọdẹ ni ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtẹ́ àti ìgbẹ́ wọn lẹ lè ṣe é, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ náà fún yín. Lẹ́yìn náà, n kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ gba gbogbo ilẹ̀ agbo kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀ ní ìdákẹ́ nínú ilẹ̀ tiwọn, kí wọ́n lè sún sẹ́yìn láìwọ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Kí wọ́n parí ibì kan, kí wọ́n tó ṣí ibòmíràn. Ní Omo tí ìnàkí kò pọ̀ mọ́, àwọn kan á ní kò sí aládùúgbò láti bá jà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbì kan. Ṣùgbọ́n bí igbó ṣe ń kéré, àwọn tó kù ń fún pọ̀ sójú kan ni, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí fífún pọ̀ ń ṣe.

Àwọn ìbéèrè nìyí.

Bàbá ọdẹ kan béèrè bóyá ìnàkí lè gba ènìyàn gẹ́gẹ́ bí agbo ọ̀tá, kí wọ́n wá kọlu ẹni tó wọ ilẹ̀ wọn. Bàbá, ẹ ṣeun. Ìnàkí tí kò mọ ènìyàn máa ń sá ni, ẹ̀yin náà lè jẹ́rìí sí i. Ibi tí wàhálà ti ń ṣẹlẹ̀ ni ibi tí igbó ti kéré jọjọ láàárín oko, bíi ti ìwọ̀-oòrùn Uganda, níbi tí ìnàkí ti ń wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n sì ti ṣe àwọn ọmọdé léṣe. Ebi àti àìbẹ̀rù ènìyàn mọ́ ló fa ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dá lọ pọn omi níbi tí wọ́n bá wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè bóyá èyí fi hàn pé ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Àbúrò, rárá. Bonobo súnmọ́ wa tó bí ìnàkí ṣe súnmọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹranko gbe ogun rẹ̀ lẹ́sẹ̀ yóò mú ìnàkí, ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ìpolongo àlàáfíà yóò mú bonobo. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ.

Ìyá kan tó ń tajà ní Lafẹ́nwá ló béèrè ìkẹta. Wọ́n ní àwọn rí ọmọ ìnàkí kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní ilé kan, tí wọ́n pa ìyá rẹ̀; ṣé kò ní í dára kí a tú u sílẹ̀, kí a gbé e padà sínú igbó? Ìyá mi, ọkàn rere ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ikú ni ẹ máa gbé e lọ bá. Kò ní agbo. Ní Conkouati, ní orílẹ̀-èdè Congo ti Brazzaville, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìnàkí tí ènìyàn tọ́ sílẹ̀ sínú igbó ní ọdún 1996, lẹ́yìn ìmúrasílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tẹ̀lé wọn lójoojúmọ́. Síbẹ̀, àwọn ìnàkí igbó kọlu àwọn akọ inú wọn, àwọn kan sì kú. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba létí, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú irú èyí tó wà ní Afi, ní ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ ìnàkí aláìníyàá pa pọ̀. Ẹ béèrè pé bí ó bá jẹ́ abo ńkọ́? Ó sàn díẹ̀ fún abo. Ní Conkouati, àwọn abo kan wọ inú agbo igbó nígbà tí wọ́n bàlágà, torí agbo máa ń gba ọ̀dọ́bìnrin tó lè bímọ sí i. Ọmọ kékeré tí ẹ rí ní Lafẹ́nwá yẹn kò tíì dé ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, akọ ni àbí abo. Ibi ìtọ́jú ni kó lọ.